Ọmọ Ayálégbé Mi Wúwo Ju Ọmọ Mi Lọ

Ọwọ́ mi yìí kì í ṣìnà. Ẹ gbé ẹran lé e, màá sọ iye kílò tó jẹ́ fún yín kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta ẹran ní Ìjẹ̀bú-Òde, síkéèlì ò sì dé orí tábìlì mi rí. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ ló ń lo síkéèlì. Ìyáàfin kan wà tó ti Èkó wá kọ́lé síhìn-ín, ó ra kílò mẹ́ta lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó sì yọ síkéèlì kékeré tó ń tanná jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá mo rẹ́ òun jẹ. Ó gbé ẹran lé e. Mẹ́ta géérégé ni. Ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé e. Mẹ́ta náà ni. Mo ní kó bá mi kí síkéèlì rẹ̀ kú iṣẹ́. Gbogbo ìsọ̀ ẹran ló rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, bí àwọn ènìyàn bá ń jiyàn lórí ìwọ̀n àpò gààrí tàbí ti ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ rà, wọ́n á ní ẹ jẹ́ ká gbé e tọ alápatà lọ.

Ilé-ìwé ò pọ̀ lára mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ọdún kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà tí mo fi ìwé sílẹ̀, tí mo tẹ̀lé bàbá mi lọ sí odò ẹran. Mo lè ka Yorùbá, mo sì lè kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń rí i yìí. Òyìnbó ni èmi àti òun ò jọ ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ mo kọ́ ilé, mo ra ọkọ̀, mo lọ Mẹ́kà. Ẹni tó kàwé jù mí lọ ló ń gbé lẹ́yìnkùlé mi, tó ń pè mí ní Láńlọ́ọ̀dù.

Ẹni náà gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Yàrá kan àti páálọ̀ ló gbà lọ́wọ́ mi. Ọmọdé sí mi púpọ̀. Ó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, kò ríṣẹ́, ó bá ra kéké, ó ń fi í gbé èrò láàárín ìlú àti Ayépé. N kò ní nǹkan kan nínú sí i tẹ́lẹ̀. Ó ń kí mi dáadáa, á dọ̀bálẹ̀ débi tí àyà rẹ̀ á fi kan sìmẹ́ǹtì. Ohun tó kó wa pọ̀ ni pé ìyàwó rẹ̀ àti ìyàwó mi lóyún lásìkò kan náà. Ilé ìwòsàn ìjọba kan náà ni wọ́n ń lọ, inú kéké rẹ̀ ni wọ́n sì jọ ń wọ̀ lọ. Ìyàwó mi bímọ lọ́jọ́ Ajé. Ìyàwó tirẹ̀ bí lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Ọkùnrin ni tèmi, obìnrin ni tirẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti ìyàwó mi fi retí ọmọ yẹn. Obìnrin yìí nìkan ni mo fẹ́. Àwọn ẹbí mi sọ̀rọ̀ títí, wọ́n mú obìnrin wá fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mo dá wọn padà. Nínú gbogbo ọdún mẹ́sàn-án yẹn, èmi nìkan ló ń tọ́jú. Bí mo bá ti ọjà dé, omi ìwẹ̀ mi á ti wà nílẹ̀, gààrí mi á ti wà nínú omi tútù pẹ̀lú ẹja dídín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Á jókòó tì mí, á máa bi mí pé, "Àlájì, ta lẹ tún bá jà lónìí?" Kò sí ọkùnrin tí wọ́n tọ́jú bíi tèmi ní gbogbo àdúgbò wa. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì máa ń sọ ọ́ níta kí àwọn yòókù lè gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bí ọmọ, ìyá mi dé láti Ìmùṣin pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Ó gba yàrá tó kángun sí ẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n gbé ìyá ọmọ àti ọmọ wá sọ́dọ̀ òun. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fún ọmú ìyàwó mi dà sínú ike kékeré kan. Omi ọmú àkọ́kọ́ yẹn ki, ó sì pọ́n bí epo. Ìyá mi ní ìdọ̀tí ni, ó ti pẹ́ jù nínú ọmú.

Ìyàwó mi ní, "Ìyá, nọ́ọ̀sì ní ká má dà á nù o."

Ìyá mi ní, "Wọn ò tíì bí nọ́ọ̀sì yẹn nígbà tí mo ti ń tọ́mọ." Ó lọ da omi ọmú náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló pè mí, ó ní kí n jókòó.

"Ìyàwó rẹ ti di tèmi báyìí," ló wí. "Níwọ̀n ìgbà tí ẹnu ọmọ yìí bá ṣì ń kan ọmú, kò gbọ́dọ̀ dé ibùsùn rẹ."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ọdún méjì. Bí ọmọ bá le dáadáa, ọdún kan ààbọ̀."

"Ìyá, ọdún méjì?"

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi sá fún bàbá rẹ nítorí tìrẹ. Wo bí o ṣe ga tó."

Àwa tó dàgbà nílé àwọn àgbà mọ èyí. Wọ́n ní bí ọkùnrin bá sún mọ́ abiyamọ, ọmú rẹ̀ á bàjẹ́, ọmọ tó bá mu ún á máa rù. Bàbá mi fara mọ́ ọn nítorí pé ìyàwó mẹ́rin ló ní, bí ọ̀kan bá kúrò nílẹ̀, mẹ́ta ṣì wà. Èmi ní ẹyọ kan ṣoṣo.

Bí ìyàwó mi ṣe kúrò lọ́dọ̀ mi nìyẹn, nínú ilé tí mo fi owó mi kọ́. Kọ́tìnnì kan ló wà láàárín wa. Bí mo bá ti ọjà dé, mo máa ń dúró lẹ́nu kọ́tìnnì yẹn, màá wúkọ́, màá ní, "Mo ti dé o." Á dáhùn láti inú pé, "Ẹ kú àbọ̀, Àlájì. Ẹ fara balẹ̀, ó ń mu ọmú." Bí mo bá padà dé lẹ́yìn wákàtí kan, ó ṣì ń mu ọmú. Mo máa ń yọjú nígbà mìíràn. Ó máa ń wo ojú ọmọ yẹn bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. Mo dúró níbẹ̀ tòun ti ẹran rírọ̀ tí mo dìídì yọ sọ́tọ̀ fún un, kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Gààrí mi, èmi ni mo ń bomi sí i báyìí.

Mo jowú ọmọ mi. Mo kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ti ayálégbé. Ìyá ìyàwó rẹ̀ jìnnà, kò sí àgbàlagbà lọ́dọ̀ wọn. Yàrá kan náà ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ń sùn. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹní sí kọ́rídọ̀ ẹ̀yìn, ìyàwó á fẹ̀yìn ti orúnkún ọkọ, á máa fún ọmọ lọ́mú, ọkọ á máa bó ọsàn, á máa ju ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìyàwó lẹ́nu. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ojú fèrèsé ilé ìdáná mi ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé ẹní wọn kúrò, pé wọ́n ń dí ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ má bínú, Láńlọ́ọ̀dù." Wọ́n sún un síwájú díẹ̀. Mo ṣì ń rí wọn.

Nígbà tí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo jókòó, mo ro ó. Bí ẹnu ọmọ bá ṣì ń kan ọmú ni ìyá mi wí. Ó dáa, bí ẹnu ọmọ kò bá kan ọmú mọ́ ńkọ́?

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń bọ̀ láti odò ẹran, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan lójú títì, mo ní kí wọ́n fún mi ní mílíìkì ọmọ ọwọ́ tó wọ́n jù. Mo ra agolo mẹ́fà àti ìgò fídà méjì. Mo tò wọ́n sórí àpótí tẹlifíṣọ̀n nínú páálọ̀, mo yí àwòrán ọmọ tó wà lára wọn síta. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló rí i. Wọ́n ní, "Àlájì ń náwó." Mo ní ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án retí, ṣé kí n fi ọmú tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nìkan tọ́ ọ ni? Mo sọ ọ́ kó dún dé ọ̀dọ̀ oníkéké lẹ́yìnkùlé.

Ìyàwó mi ò fẹ́. Ó ní, "Àlájì, nọ́ọ̀sì ní ọmú nìkan ni fún oṣù mẹ́fà, omi pàápàá ò sí níbẹ̀."

Mo ní, "Mo fẹ́ kí ara rẹ sinmi ni."

Irọ́ ni mo pa. Ìyá mi ló wò mí títí, ló ní, "Ọmọ mi, kí lò ń kánjú fún?" Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n òfin tirẹ̀ ni mo ń tẹ̀ lé.

Lára agolo náà, wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Òyìnbó ni. Síbí kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Mo sọ síbí náà sínú àpótí. Ọwọ́ mi, ọwọ́ tí síkéèlì Èkó kò lè mú, ṣé síbí ọmọdé ló máa kọ́ ọ ní ìwọ̀n? Mo ń bu mílíìkì náà pẹ̀lú ìka mẹ́ta bí ẹni bu iyọ̀ sẹ́ran. Nígbà mìíràn mo máa ń pò ó kó ki nítorí pé n kì í ṣe ahun. Nígbà mìíràn, bí agolo bá ti ń lọ sílẹ̀, mo máa ń bomi là á kó pẹ́. Omi inú fúláàsì ni mo fi ń pò ó, n kì í bi omi náà pé ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀.

Ọmọ kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó ń fi ahọ́n ti fídà jáde. Nígbà tó yá, ó gbà, torí pé fídà kì í jẹ́ kó ṣe wàhálà kó tó rí nǹkan mu. Bí ó bá ti yó tán, kò ní fa ọmú mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí fídà dé, ọmú ìyàwó mi kún, ó le gbagidi bí òkúta, ibà sì mú un. Ó sùn sórí ẹní, kò lè gbé apá. Ìyá mi ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún. Mo dúró lẹ́nu kọ́tìnnì. Mo sọ fún ara mi pé á lọ.

Ó lọ lóòótọ́. Ọmú náà rọ̀, omi inú rẹ̀ dín kù títí tó fi di pé ọmọ á fà á, á fi sílẹ̀, á ké. Ìyá mi ní, "Ó ti já a lẹ́nu ọmú." Ìyàwó mi kó aṣọ rẹ̀, ó padà sí yàrá mi.

Mo ti borí, mo rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó padà wá yẹn, ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Bí mo bá ti ọjà dé, ó ń jókòó tì mí lóòótọ́. Kò bi mí pé ta ni mo bá jà. Ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń ké nínú yàrá ìyá mi ni etí rẹ̀ wà. Inú ọmọ ń ṣí. Ìyá mi fún un lágbo, ó dá lọ́jọ́ méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí àwọn ọmọ pé oṣù mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, mo jókòó níwájú ilé pẹ̀lú àwọn aládùúgbò méjì. Oníkéké gbé ọmọ rẹ̀ jáde. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Láńlọ́ọ̀dù," ló wí, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọn màlúù, ẹ bá mi wọn ọmọ yìí wò. Wọ́n gbé e lé síkéèlì lánàá, mo mọ iye tó jẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín."

Àwọn aládùúgbò ní, "Àlájì, ẹ gbé e."

Mo gbé e. Kí n tó gbé e dé àyà ni ọwọ́ mi ti sọ fún mi pé kílò mẹ́fà ààbọ̀ ni. Ẹran ara rẹ̀ dì. Ọrùn rẹ̀ ní ìpele méjì. Ó wò mí lójú, ó rẹ́rìn-ín sí mi, wàrà funfun kan wà ní ìkángun ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí kan náà ni mo fi gbé ọmọ tèmi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò tó márùn-ún. Mo ti mọ̀ láàárọ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Báyìí mo gbé ọmọ ẹlòmíràn dání, ìyàtọ̀ náà sì wà láàárín apá mi bí ìgbà tí wọ́n bá yọ itan kan kúrò lára ewúrẹ́.

Bí mo bá sọ pé mẹ́fà ààbọ̀ ni, ohun tó kàn ni pé kí wọ́n ní kí n gbé tèmi jáde.

Mo ní, "Márùn-ún ni. Bóyá ó fi díẹ̀ lé."

Oníkéké wò mí. Ó rò pé eré ni. "Márùn-ún kẹ̀? Mẹ́fà ààbọ̀ ni nọ́ọ̀sì kọ sínú káàdì, Láńlọ́ọ̀dù."

Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò ní, "Ọwọ́ Àlájì ti ń darúgbó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín in. Mo gbé ọmọ náà padà fún un bí ẹni tó ń gbé iná.

Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ìsọ̀ ẹran. Àwọn oníkéké ló gbé e débẹ̀. Oníbàárà mi kan tó ti ń ra ẹran lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní jẹ́lé-ó-sinmi gbé ẹran tí mo gé fún un sókè, ó ní, "Àlájì, ṣé kílò méjì yìí pé ṣá? Mo gbọ́ pé ọwọ́ yín ti ń dín nǹkan kù." Alápatà tó wà lódìkejì mi, tí kò lè wọn àyà adìẹ láìsí síkéèlì, ní, "Ẹ wá sọ́dọ̀ mi, tèmi kì í darúgbó." Orúkọ tí mo fi ogún ọdún ṣe, mo fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tà á. Mo tà á nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé ọmọ mi fúyẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo dé láti odò ẹran, mo bá ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé ọmọ pọ̀n, ó wọ bàtà. Ojú ọmọ ti jìn. Ó ní, "Ó ti yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀meje láti àárọ̀. Mò ń lọ." Kò béèrè bóyá kóun lọ. Oníkéké ti gbé kéké sí ẹnu géètì, ó ti tan án. Mo wọlé sẹ́yìn kéké ayálégbé mi, mo jókòó ti ìyàwó mi.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ọmọ sínú aṣọ ṣòkòtò kan tó ní okùn, wọ́n sì fi kọ́ ìkọ́ síkéèlì, bí èmi náà ṣe ń fi itan màlúù kọ́. Ó ń mì síwá sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ síkéèlì kò tó márùn-ún. Ogún ọdún tí mo fi ń fi ẹran kọ́ ìkọ́, n kò yí ojú mi kúrò rí. Lọ́jọ́ yẹn, mo yí i.

Nọ́ọ̀sì jẹ́ àgbàlagbà obìnrin, ohùn rẹ̀ kì í ga. Ó po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ, ó ń fi síbí fún un díẹ̀díẹ̀, ó sì ń bi wá ní ìbéèrè bó ṣe ń ṣe é.

"Ìyá ọmọ, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ọmọ yìí ń pọ̀ sí i. Káàdì nìyí. Kí ló dé tí ọmú fi dá?"

Ìyàwó mi wo ilẹ̀. Ó ní, "Omi ọmú mi ò tó, mà."

Irọ́ ni. Ó pa á nítorí kí ojú má baà tì mí. Gbogbo àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń gbọ́. Mo lè jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ kí ọwọ́ mi ru ẹ̀bi irọ́ kan nítorí mi, n kò lè jẹ́ kí ọmú ìyàwó mi ru èkejì.

Mo ní, "Ó tó. Ó kún débi pé ó ń ṣàn. Èmi ni mo ra mílíìkì agolo. Èmi ni mo ń pò ó, ọwọ́ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n."

"Kí ló fà á, Dádì?"

"Ìyá mi ní bí ọmọ bá ṣì ń mu ọmú, ìyàwó mi ò lè wá sọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́ kó padà."

Ìyá ọlọ́mọ kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀kan ní, "Ó mà fẹ́ràn ìyàwó ẹ̀ o." Òmíràn ní, "Ì bá wù mí kí tèmi jowú bẹ́ẹ̀." Ìyàwó mi fi ìborí bo ojú. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín tàbí ẹkún ló ń sun.

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbọ́. Ó ní ọkọ kì í ba ọmú jẹ́, kò sí ọ̀nà tí ohun tí ọkọ bá ṣe fi lè dé inú ọmú. Ó ní àwọn àgbà fẹ́ kí ọmọ má tètè ní àbúrò ni, ìyẹn sì ní ọ̀nà tirẹ̀, kí á wá rí òun lórí rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi sọ ti omi pípọ́n tí ìyá mi dà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní omi yẹn ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àìsàn lára ọmọ ọwọ́. Ó ní ọmú kì í jẹ́ kí inú ọmọ ṣí bíi tọmọ mi yìí, torí kò sí omi fúláàsì nínú rẹ̀, kò sí fídà, kò sí ìka ọwọ́ alápatà. Ó ní ìyá náà ń jèrè, pé bí ọmọ bá ṣe ń fà á ni ilé ọmọ ń súnkì padà sáyè rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń tètè dá, tí ara ìyá sì ń fúyẹ́. Mo rántí ìyàwó oníkéké, bí ikùn rẹ̀ ṣe padà sáyè, tó ń sáré lọ sáré bọ̀.

Mo ní, "Ó ti gbẹ, mà."

Ó ní, "Kò gbẹ. Ó sùn ni. Ọmọ ló máa jí i."

Ó kọ́ wa bí a ó ṣe ṣe é. Kí ọmọ kọ́kọ́ fa ọmú ní gbogbo ìgbà, ọ̀tún àti òsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà kí a fi ife kékeré fún un ní mílíìkì, kì í ṣe fídà, omi tí a sè, síbí inú agolo la ó sì fi wọ̀n ọ́n. Bí ọmú bá ṣe ń pọ̀ ni ká máa dín agolo kù. Ó ní kí ìyá ọmọ sinmi, kó jẹun, kó mu omi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dààmú rẹ̀. Ó wò mí nígbà tó sọ èyí tó kẹ́yìn.

Nígbà tí a délé, mo wá síbí náà títí, mo rí i lábẹ́ bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ nínú àpótí.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ọmọ ń fà á, ó ń fi í sílẹ̀, ó ń ké, ìyàwó mi náà ń ké. Mo ń mú ẹsẹ̀ màlúù wálé lójoojúmọ́, mo ń sè é fúnra mi, mo ń fi ata díẹ̀ sí i. Ìyàwó oníkéké ló ń wá jókòó tì í lọ́sàn-án, ó ń bá a gbé orí ọmọ sí bó ṣe yẹ kó wà. N kò lé e. Ìyá mi bínú pé ìyàwó mi àti ọmọ jọ wà ní yàrá mi. Ó ní bí a bá ti mọ̀ ọ́n jù òun lọ, kí a máa ṣe é. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìdáná, mo gbọ́ pé ọmọ dákẹ́. Mo sáré wọlé. Ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ìyàwó mi kò wò mí, ó kàn gbé ọwọ́ sókè pé kí n má sọ̀rọ̀.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, agolo mẹ́ta tó kù lórí àpótí tẹlifíṣọ̀n lára àwọn tí mo tún rà, a ò ṣí wọn mọ́. Ọmọ ń wúwo. Ìyá mi ní àgbo òun ni. Mo fi sílẹ̀ fún un.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Oníkéké wá ra ẹran lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, alápatà òdìkejì sì pariwo sí i pé, "Má rà á níbẹ̀ o, ọwọ́ yẹn ti ṣàìsàn." Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọ̀bẹ kalẹ̀.

Mo ní, "Lọ́jọ́ tí o gbé ọmọ rẹ lé mi lọ́wọ́, iye wo ni mo pè é?"

"Márùn-ún, Láńlọ́ọ̀dù. Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ mọ́."

"Mẹ́fà ààbọ̀ ni ọwọ́ mi sọ. Ẹnu mi ló pa irọ́. Tèmi ò tó márùn-ún nígbà náà, mo sì jowú rẹ."

Oníkéké wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Láńlọ́ọ̀dù, ìgbà tí ẹ kọ́lé tó báyìí, kí lẹ ń jowú mi fún?" Mo gé kílò méjì fún un. Ó lọ gbé e sórí síkéèlì òdìkejì níṣojú gbogbo ayé, ó sì jẹ́ méjì géérégé. Ọwọ́ mi kò darúgbó. Ẹ máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè.

Àná ni mo gbé àwọn ọmọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Tèmi ti di mẹ́fà ó lé díẹ̀. Tirẹ̀ ti kọjá méje. Ó ṣì dùn mí, n kò ní purọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó mi tẹ́ ẹní tirẹ̀ sí kọ́rídọ̀, mo jókòó sílẹ̀ kó lè fẹ̀yìn ti orúnkún mi, mo sì bó ọsàn. Mo fi ọ̀kan sí i lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ láìgbé ojú kúrò lára ọmọ. Ọmọ náà ń fà á lọ, ó fi ojú kan wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ọmú, bí ẹni tó mọ ẹni tí ilé jẹ́ tirẹ̀. Mo bó ọsàn mìíràn.